Ta Ló Ká Owú fún Ọ?

Nígbà tí Ràfátù ìyàwó mi kú, mi ò sunkún. Àwọn ará ilé wa ní Ìséyìn ń wò mí lójú, wọ́n ń retí omi, omi kò jáde. Àáfà Bùráímọ̀ tó kírun sí i lára ní Ọlọ́run ló fún mi ní sùúrù. Kì í ṣe sùúrù. Ńṣe ni inú mi dà bí ilé tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ, tó ku ògiri nìkan.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ jókòó sídìí òfì mi lábẹ́ àtíbàbà tí àwa ọkùnrin agbo ilé wa ti ń hun aṣọ. Mo jókòó títí oòrùn fi yí. Mi ò hun nǹkan kan. Lámídì, tí òfì tirẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi láti ìgbà tí àwa méjèèjì kò tíì ní irùngbọ̀n, ń hun tirẹ̀ lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyanu gbáà nìyẹn, nítorí ẹnu Lámídì kì í sinmi. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bó ṣe rí lóṣù tó tẹ̀lé e nìyẹn. Ọmọ mi Síkírátù, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, gbọ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ kú. Ó ṣe ìwé, ó dúró, ó tún ìwé ṣe, títí wọ́n fi ní kí n máa bọ̀.

Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn. Mi ò wá owó lọ. Wọ́n gbé mi lọ ni, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.

Ìlú tí Síkírátù ń gbé wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i láti inú ọkọ̀, mo ní, "Síkírá, èyí mà jọ ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí!" Koríko ni lọ títí ojú kò fi tó o mọ́, bíi ti ọ̀dàn wa lọ́hùn-ún, àfi pé kò sí igi ẹ̀mí, kò sí igi irúgbá, kò sì sí àpáta kankan tí èèyàn lè fi mọ ibi tó wà.

Síkírátù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ dúró ná dìgbà òtútù."

Mo dúró. Òtútù dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí fèrèsé, mo rí i pé gbogbo pápá náà ti funfun, wọ́n ti bò ó látòkè délẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ di òkú. Mo ti fèrèsé náà padà, mo pa dà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ló bà mí lẹ́rù ju òtútù lọ. Nílé, kí n tó dé ibi kànga, ẹnu mi á ti gbẹ nítorí ìkíni. "Bàbá Síkírá, ẹ ò jíire?" "Ẹ kú iṣẹ́ àná o." "Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" Níbí, ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ń gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, mo máa ń fẹnu jẹ́jẹ́ pe àwọn ará àtíbàbà wa bí wọ́n ṣe jókòó: Lámídì, èmi, Jímọ̀ tó ń fi imú kọrin, Ráṣákì, Bàbá Tóyìn ará Ọ̀tu tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín gbogbo àwa onímàle, Sàlámì tó fẹ́ràn ẹ̀pà. Bí mo bá ti pè é dé ọ̀dọ̀ Sàlámì, bọ́ọ̀sì á ti dé ibi tí mò ń lọ.

Síkírátù ló wá iṣẹ́ fún mi, kí n má baà máa dá jókòó sílé. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, wọ́n ń rán aṣọ bo àga níbẹ̀. Ó ti sọ fún ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kẹ́fìn, pé ahunṣọ ni bàbá òun. Kẹ́fìn gbà wá dáadáa. Ó gbé aṣọ kan lé mi lọ́wọ́, ó bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́ aṣọ.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi tó ìyẹn. Mo wo ilẹ̀, nítorí èèyàn kì í tẹjú mọ́ ọ̀gá. Mo ní, "A máa ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wa."

Ó ní ó dára. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ó fi ìgbálẹ̀ hàn mí, ó fi ibi tí wọ́n ń da àjákù aṣọ sí hàn mí.

Nínú ọkọ̀, Síkírátù lu ọwọ́ ìtọ́kọ̀. "Bàbá! Kí lẹ sọ yẹn? Ẹ̀yin tí àwọn èèyàn ń ti Èkó wá bá nítorí aṣọ ẹtù!"

"Ṣé kí n wá máa yin ara mi lójú ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni?"

"Ó bi yín ni, Bàbá. Ìdáhùn ló ń fẹ́."

"Mo sì dá a lóhùn."

Ó ṣe mí ní kàyéfì fún ìgbà pípẹ́. Nílé, bí àlejò bá wọ abẹ́ àtíbàbà, tó ní òun ń wá ẹni tó mọ ẹtù hun, mo máa ń ní àwa náà ń gbìyànjú. Kí n tó gbé ẹnu kúrò, Lámídì á ti pariwo: "Ẹ má dá a lóhùn o! Ọ̀gá gbogbo wa nìyẹn! Irọ́ ló ń pa!" Jímọ̀ á ní, "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìwọ á rẹ ara rẹ sílẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á gbé ọ dìde. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ní Kánádà, mo rẹ ara mi sílẹ̀, mo sì ń dúró de ẹni tó máa gbé mi dìde, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà.

Nígbà tí mo sọ fún Lámídì lórí fóònù pé ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ará Kánádà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ níbẹ̀ nìyẹn? Ẹ fi ìgbálẹ̀ hun ún wá fún wa o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà kò bá mi wọ yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń ṣe, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka èyí mọ̀ ọ́n, wọn ò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Àìnírètí kì í fi ariwo wọlé. Bí ọlọ́gbọ́n ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Á ní, ta ni ìwọ náà tilẹ̀ jẹ́? Á ní, aṣọ tí o ń hun nílé yẹn, ṣé ó dá ọ lójú pé ó dára, àbí wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún irun funfun rẹ? Ọ̀rọ̀ tí mo fi ìwà ọmọlúwàbí sọ fún Kẹ́fìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Bí mo bá jí, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, mi ò ní rí ìdí tó fi yẹ kí n wọ èkejì. Àlùwàlá tí mi ò gbójú fò rí láti kékeré di ohun tí mò ń sún síwájú. Síkírátù á gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á dé bá a bó ṣe wà. Kò ní bá mi jà. Á kàn gbé e wọ kíṣìnnì, mo sì máa ń gbọ́ bó ṣe ń dúró níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òfì mi dé.

Lámídì ló pè. Lọ́jọ́ yẹn kò bú mi kó tó bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà nílẹ̀. Ó ní Baálé agbo ilé wa ti ń wo àyè mi tó ṣófo lábẹ́ àtíbàbà. Kàmórù, àna Lámídì, ti dé láti Èkó. Ọ̀kadà tó ń gùn níbẹ̀ ti bàjẹ́, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ òfì dáadáa kó tó lọ. Baálé ní kí wọ́n bi mí léèrè. Bí mo bá ní mo ṣì máa hun aṣọ láyé mi, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àyè mi. Bí mo bá ní ó ti tán, wọn á fi Kàmórù sí i.

Nínú agbo ilé wa, wọn kì í bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn bí kò bá tíì kú. Òkú ni wọ́n máa ń pín àyè rẹ̀.

Lámídì ní, "Má dá mi lóhùn lónìí. O gbọ́? Lọ ronú ná."

Mo sọ fún Síkírátù. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bàtà fún mi bí ọmọdé, ó gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn kan tí àwọn àgbàlagbà àdúgbò ti ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì ló ń bójú tó ibẹ̀, ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó mú mi lọ sí igun kan. Òfì wà níbẹ̀! Onígi gbàǹgbà, tó fẹ̀ bí ibùsùn, irú èyí tí wọ́n fi ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òfì ni. Ó ní ìtẹ̀sẹ̀. Ó ní ọ̀kọ̀, igi kékeré tí owú wà nínú rẹ̀, tí a ń jù láti ọwọ́ kan sí èkejì. Wọ́n ti ta owú gígùn sí i lára sílẹ̀. Hẹ́lẹ́nì gbé owú búlúù wá, ó ní kí n máa ṣe bí mo bá ṣe fẹ́.

Mo ká owú náà sórí igi tín-ín-rín tó ń wọ inú ọ̀kọ̀, mo jókòó, mo bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ mi wá ìtẹ̀sẹ̀, ó rí i. Mo ju ọ̀kọ̀.

Owú já.

Mo so ó. Mo tún jù ú. Ó lọ dé ìdajì, ó há, ó já. Mo so ó. Aṣọ tó ń jáde rí jákujàku, etí rẹ̀ ń ká wọnú bí ewé tí oòrùn pa. Mo ti ń hun aṣọ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n, mi ò hun irú nǹkan yẹn rí, àní nígbà tí bàbá mi ṣì ń gbá mi létí. Ẹ̀rù bà mí. Mo dìde, mo wọ bàtà mi. Síkírátù ní, "Bàbá, ẹ tún gbìyànjú sí i." Mo ní kó gbé mi lọ sílé.

Mi ò dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ dáadáa kí n tó pe Lámídì. Lọ́dọ̀ tiwọn oòrùn ti ga, mò ń gbọ́ ìró òfì lẹ́yìn rẹ̀, kẹrẹkẹ́, kẹrẹkẹ́.

Mo ní, "Lámídì, ẹ fún un."

"Fún ta ni?"

"Kàmórù. Ẹ fún un ní àyè mi. Ọwọ́ mi ti kú. Mo jókòó sídìí òfì lánàá, owú ń já ṣáá, bí ẹni tí kò rí òfì rí."

"Irú òfì wo?"

"Ti àwọn òyìnbó. Kì í ṣe ẹjọ́ òfì. Ọ̀rọ̀ owú ni."

"Owú náà ti gbó ni?"

"Owú tuntun ni. Mo ní ọwọ́ mi ti kú, ìwọ ń bi mí nípa owú!"

Lámídì wá ní, "Ta ló ká owú fún ọ?"

"Báwo?"

"Owú tó wà nínú ọ̀kọ̀. Ta ló ká a?"

"Èmi ni. Ta ni ì bá ká a?"

"Ìgbà wo ni ìwọ ti ká owú rí, Bàbá Síkírá?"

Nílé bàbá mi, ìyá mi ló ń ká a. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Ràfátù wọ ilé mi ni kò ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan owú tí òun kò tíì ká. Á jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á na ẹsẹ̀, á máa ká a. Bí ti inú ọ̀kọ̀ mi bá ti ń tán, èmi á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, òmíràn á bọ́ sí mi lọ́wọ́. Owú tó ká gan-gan, tó le bí èkùrọ́, tó ń tú jáde bí omi. Mo rò pé bí owú ṣe ń rí nìyẹn. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi ká ní gbọ̀ngàn, ó dẹ̀, ó ń yọ́ lulẹ̀ lórí igi rẹ̀, ó ń há, ó ń já.

Lámídì ní, "Ọwọ́ rẹ kọ́ ló kú. Ìyá Síkírá ló kú."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí àga. Mo sunkún. Mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún níbi sàréè, bí mi ò ṣe sun ún nígbà tí Àáfà Bùráímọ̀ ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Síkírátù sáré jáde, ìrọ̀rí lọ́wọ́, ó bá mi nílẹ̀. Ó jókòó tì mí. Nínú fóònù tó wà lórí àga, a ń gbọ́ ohùn Lámídì tó ń pè, "Bàbá Síkírá? Bàbá Síkírá?", lẹ́yìn náà ó fi ìró òfì sílẹ̀ fún wa.

Mo ti ronú sí i púpọ̀ láti ìgbà náà. Èèyàn lè ṣìnà nínú ìbànújẹ́ tirẹ̀, kó máa pè é ní orúkọ mìíràn. Èmi pè é ní àìmọ̀-ọ́n-ṣe. Mo ní mi ò wúlò mọ́, mo sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ àjèjì á sì ràn ọ́ lọ́wọ́ láti gbà á gbọ́, nítorí níbẹ̀ gbogbo ọwọ́ tó ti wà nínú iṣẹ́ rẹ láì jẹ́ kí o rí wọn ti kúrò lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ ẹni tó ń ká owú, ẹnu ẹni tó ń pariwo pé irọ́ lo pa, ẹni tó ń béèrè ẹsẹ̀ rẹ lówùúrọ̀. Ohun tó kù ni ìwọ nìkan, ìwọ nìkan kò sì tó rí. Kò sẹ́ni tó tó.

Ọjọ́ tí Síkírátù kò lọ síbi iṣẹ́, ó gbé owú jáde sí pálọ̀. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ fi èyí há àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Rárá, ọmọ ìka ńlá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Màámi ni. Kí n tó lọ iléèwé láràárọ̀, mo gbọ́dọ̀ ká mẹ́ta. Ẹ fà á! Ẹ má jẹ́ kó dẹ̀. Màámi á ti gbá mi lọ́wọ́ báyìí."

"Ṣé kí ìwọ náà gbá mi ni?"

"Bàbá, ẹ má dán mi wò."

Ẹ̀rín rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀ débi pé mo ní láti wo owú ọwọ́ mi.

Kíká mi kò dára. Kò tíì dára títí di òní. Ṣùgbọ́n ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì pa dà sí gbọ̀ngàn. Owú já, mo so ó, mo hun. Àwọn Sátidé kan wà tí mi ò lọ, tí ìbọ̀sẹ̀ kejì ṣẹ́gun mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí tó bá tẹ̀lé e mo lọ. Nígbà tí yìnyín fi yọ́, mo ti hun ọ̀já ẹtù kan tó gùn díẹ̀, dúdú pẹ̀lú ilà funfun tín-ín-rín. Hẹ́lẹ́nì gbé e sójú oòrùn, ó bi mí bóyá èmi ni mo hun ún. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n hun." Ìtìjú bá mi lẹ́yìn náà, mo wá fi kún un pé ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká owú.

Mo mú un lọ fi han Kẹ́fìn náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní kí ló dé tí mi ò sọ. Iṣẹ́ tó wà nígbà yẹn, ó ti fún ẹlòmíràn. Mo ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń pè mí síbi tábìlì, á gbé aṣọ méjì sílẹ̀, á bi mí èwo ló máa pẹ́, èmi náà á sì sọ fún un láìwo ilẹ̀.

Lẹ́yìn àwẹ̀ ni mo tún pe Lámídì lórí ọ̀rọ̀ òfì mi. Gbogbo ìgbà yẹn kò tíì fún Baálé lésì. Ó ní òun ti ń parọ́ fún un pé fóònù Kánádà kò dára.

Mo ní, "Lámídì, ẹ fún Kàmórù."

Ó bínú. "A tún ti pa dà síbẹ̀? Mo rò pé o ti ń hun aṣọ!"

"Mò ń hun aṣọ. Sátidé tó kọjá mo hun. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá bọ̀ wálé, bí Ọlọ́run bá fẹ́, mo máa jókòó síbikíbi tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin tó ní ọmọ kò gbọdọ̀ máa rìn kiri nítorí tèmi."

Mo gbọ́ tó ń fọn imú. Ó wá pariwo pe ẹnì kan, ó gbé fóònù fún un.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kàmórù ni. Ṣé ẹ ò bínú sí mi?"

"Mi ò bínú. Ṣé o ga?"

"Ẹ̀n, Bàbá?"

"Mo ní ṣé o ga tó mi?"

Lámídì fi ohùn rara dáhùn láti ẹ̀yìn: "Níbo! Kúkúrú bí ìkòkò ọbẹ̀!"

Mo ní, "Ó dáa. Wo abẹ́ òfì náà, lápá ọ̀tún, ibi tí ìtẹ̀sẹ̀ wà. Gìgísẹ̀ mi ti gbẹ́ ihò síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní balẹ̀ dáadáa nínú rẹ̀, ẹ̀yìn á sì máa dùn ọ́. Bu erùpẹ̀ dí i, kí o wọ́n omi sí i, kí o tẹ̀ ẹ́ kó le. Tìrẹ á gbẹ́ ara rẹ̀ bí ó bá yá."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé kí n ṣe é nísinsìnyí?"

"Ṣe é kí n máa gbọ́."

Ó gbé fóònù lé orí òfì. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi ọwọ́ wọ́ erùpẹ̀ jọ.